Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà Ju Èje Lọ

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kínní ọdún 1962, àpáta àti yìnyín já kúrò ní góńgó òkè Huascarán, òkè tí ó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè Peru ní gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó ń wọ́ ẹrẹ̀ àti òkúta mọ́ra bí ó ti ń bọ̀ nísàlẹ̀, ó sì bo ìlú kékeré kan tí à ń pè ní Ranrahirca mọ́lẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó bá a lọ. Ṣùgbọ́n ìlú Yungay tí kò jìnnà sí ibẹ̀ yè é, nítorí pé òkè kékeré kan wà láàárín ìlú náà àti ọ̀nà tí àjálù náà gbà kọjá. Òkè kékeré yìí ni ó ṣe odi fún wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ará Yungay kan léèrè ní ọdún 1965 bóyá ẹ̀rù Huascarán ń bà á, kì bá yani lẹ́nu bí ó bá na ìka sí òkè kékeré náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 1970, ilẹ̀ mì tìtì ní etíkun Peru. Ìwọ̀n ìmìtìtì ilẹ̀ náà jẹ́ 7.9. Huascarán kan náà tún ya. Èyí tí ó ya lọ́tẹ̀ yìí pọ̀ púpọ̀ ju ti ìṣáájú lọ, eré tí ó sá sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rin ìrìn tí ó ju kìlómítà 10 lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nígbà tí ó dé ìdí òkè kékeré tí ó gba Yungay là ní ọdún 1962, apá kan rẹ̀ fò ó kọjá. Ìlú Yungay pa rẹ́. Lára ìwọ̀nba ènìyàn tí ó yè ni àwọn tí ó sáré gun òkè tí ibi ìsìnkú ìlú wà, àti àwọn ọmọdé tí wọ́n lọ wo eré àwọn onídán. Ní gbogbo agbègbè tí ìmìtìtì ilẹ̀ náà dé, nǹkan bí 70,000 ènìyàn ni ó kú. Lónìí, ilẹ̀ òkú ni ibi tí ìlú àtijọ́ náà wà. Ibòmíràn nítòsí rẹ̀ ni wọ́n tẹ Yungay tuntun dó sí.

Ǹjẹ́ òmùgọ̀ ni àwọn ará Yungay bí? Rárá o. Ohun tí gbogbo wa ń ṣe ni wọ́n ṣe: wọ́n fi ti àná wọn ti ọ̀la. Ẹ̀ka ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kan wà tí ó ń fi hàn wá ìdí tí òṣùwọ̀n yìí kì í fi í tó nínú àwọn ọ̀ràn kan, ó sì ń kọ́ wa ní òṣùwọ̀n mìíràn tí ó sàn jù ú lọ. Òun ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí, ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Kí ni ìyalulẹ̀?

Àwọn Òyìnbó ní orúkọ kan pàtó fún yìnyín tí ó bá ya láti orí òkè. Èdè tiwa kò ní orúkọ fún un, nítorí pé yìnyín kì í dúró lórí òkè ilẹ̀ wa. Síbẹ̀, a mọ òkè tí ó ya, a mọ bèbè odò tí ó ya, a sì mọ ògiri tí ó ya lulẹ̀. Nítorí náà, ìyalulẹ̀ ni a ó máa pè é níhìn-ín. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti mú orúkọ náà gbòòrò ju ọ̀ràn yìnyín lọ. Ohunkóhun tí ẹrù bá ń pọ̀ sí lórí díẹ̀díẹ̀, tí ó sì ń já lójijì, tí jíjá apá kan sì ń mú kí apá mìíràn já, ìyalulẹ̀ ni lójú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ìmìtìtì ilẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni iná tí ń jó igbó rí, bẹ́ẹ̀ náà sì ni wáyà iná mànàmáná tí ó ń já kan tẹ̀lé òmíràn.

Òkìtì gàrí

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ọjà. Ìyá alágàrí a bu gàrí sínú kóńgò, tàbí mudù gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń pè é ní Òkè Ọya, a sì máa dà á lé e títí yóò fi ga ṣonṣo. Nígbà tí ó bá yá, òkìtì náà kò lè ga mọ́. Bí ó bá tún fi ìkúnwọ́ kan sí i, nígbà mìíràn horo mélòó kan ni yóò yọ̀ dànù. Nígbà mìíràn, gbogbo ẹ̀gbẹ́ kan ni yóò ya lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkúnwọ́ kan náà ni ó fi kún un ní ìgbà méjèèjì, ṣùgbọ́n ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde kò dọ́gba.

Ní ọdún 1987, àwọn onímọ̀ físíìsì mẹ́ta tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Brookhaven ní ìpínlẹ̀ New York gbé irú òkìtì bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò nínú kọ̀ǹpútà. Per Bak, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ni ọ̀kan nínú wọn. Àwọn méjì yòókù ni Chao Tang àti Kurt Wiesenfeld. Wọ́n pín àyè kan sí ojú kéékèèké bí ojú àwọ̀n, wọ́n sì ń sọ horo yanrìn sínú àwọn ojú náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òfin kan ni ó wà: ojú tí horo inú rẹ̀ bá pé 4 gbọ́dọ̀ pín wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ojú 4 tí ó yí i ká, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń ta ayò ti í kó ọmọ ayò kúrò ní ojú kan, tí yóò sì máa fi wọ́n sí àwọn ojú tí ó tẹ̀lé e ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí ti aládùúgbò rẹ̀ náà bá pé 4 nípa èyí, òun náà yóò pín tirẹ̀. Èyí tí ó bá dé etí àwọ̀n a bọ́ sílẹ̀, ó lọ nìyẹn.

Ohun tí wọ́n rí jẹ́ ìyanu. Láìsí pé ẹnikẹ́ni tò ó, òkìtì náà fúnra rẹ̀ gbé ara rẹ̀ dé bèbè yíya, ibẹ̀ ni ó sì ń wà. Láti ìgbà náà lọ, horo kan ṣoṣo lè má mú ohunkóhun ṣẹlẹ̀, ó lè ti ojú méjì tàbí mẹ́ta, ó sì lè mi gbogbo òkìtì láti etí dé etí. Ìyalulẹ̀ kéékèèké pọ̀ lọ jàra, àwọn tí ó tóbi díẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwọn ńláńlá sì ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n ètò wà nínú ìpín náà: bí títóbi ti ń di ìlọ́po, bẹ́ẹ̀ ni iye wọn ń dín kù ní ìwọ̀n kan náà. Kò sí ìwọ̀n kan tí a lè tọ́ka sí pé èyí ni bí ìyalulẹ̀ ti sábà máa ń tóbi mọ.

Ẹ̀kọ́ tí ó wọni lára jù níbẹ̀ ni pé horo tí ó fa èyí tí ó tóbi jù kò ní àmì kankan lára. Òun àti horo tí kò fa nǹkan kan jẹ́ ọ̀kan náà. Ipò tí òkìtì wà ni ó ṣe ìyàtọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wá ìdí ńlá fún gbogbo àjálù ńlá lè máa wá ohun tí kò sí. Ìdí kékeré kan náà tí ó ń fa ti ojoojúmọ́ ni ó ń fa ti ẹ̀ẹ̀kan láyé.

A kò gbọ́dọ̀ rò pé gbogbo òkìtì ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Chicago dán yanrìn gidi wò ní ọdún 1989, yanrìn náà kò tẹ̀lé ìpín tí kọ̀ǹpútà sọ. Ní ọdún 1996, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Oslo ní Norway fi ìrẹsì ṣe tiwọn. Ìrẹsì tí horo rẹ̀ gùn tẹ̀lé ìpín náà. Èyí tí horo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ rí roboto kò tẹ̀lé e. Èyí kọ́ wa pé a ní láti kọ́kọ́ mọ irú ohun tí a ń bá lò, kí a tó mọ irú ìṣirò tí ó yẹ ẹ́.

Láti ẹ̀fà dé èje

Ní ti ìmìtìtì ilẹ̀, ìpín náà fẹsẹ̀ múlẹ̀ gbọningbọnin. Beno Gutenberg àti Charles Richter, àwọn onímọ̀ méjì ní ilé ẹ̀kọ́ gíga California Institute of Technology, ni wọ́n gbé e jáde ní ọdún 1944. Wọ́n rí i pé bí a bá fi 1 dín ìwọ̀n ìmìtìtì ilẹ̀ kù, iye ìgbà tí ó ń ṣẹlẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po 10. Ní gbogbo àgbáyé, èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ tó 8 tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Èyí tí ó tó 7 tí kò dé 8, nǹkan bí ìgbà 15. Èyí tí ó tó 6 tí kò dé 7, ó ju ìgbà 100 lọ. Èyí tí ó tó 5 tí kò dé 6, ó ju ìgbà 1,000 lọ.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí ẹni pé ìwọ̀n àwọn onímọ̀ yìí ni wọ́n ń wí. Agbára tí ń bẹ nínú ìmìtìtì ilẹ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 7 jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 32 ti èyí tí ó jẹ́ 6. Ti 8 sì jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 1,000 ti 6. Àwọn onímọ̀ ti ṣírò gbogbo ìmìtìtì ilẹ̀ tí ó ṣẹlẹ̀ láti ọdún 1906 sí 2005, láìmọye ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Mẹ́ta péré nínú wọn, ti Chile ní 1960, ti Alaska ní 1964 àti ti Sumatra ní 2004, ni ó kó ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àpapọ̀ gbogbo wọn.

Níbí ni ìpíndọ́gba ti ń tan ènìyàn jẹ. Bí a bá to 1,000 ọkùnrin tí ó ti dàgbà sí ojú kan tí a sì wọn gíga wọn, kò sí ọ̀kan tí yóò ga ní ìlọ́po méjì ìpíndọ́gba wọn. Ẹni tí ó bá ń rán aṣọ fún wọn lè gbẹ́kẹ̀ lé ìpíndọ́gba náà. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn ìyalulẹ̀, ẹyọ kan lè ju ẹgbẹ̀rún lọ lápapọ̀. Èyí tí ó tóbi jù tí a ti rí kì í ṣe òpin. Òun ni ó tóbi jù nínú ìwọ̀nba ìgbà tí a ti ń wò.

Òkúta tí ó ń sọ̀rọ̀

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2011, ìmìtìtì ilẹ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ tó 9 ṣẹlẹ̀ ní abẹ́ òkun Japan, ó sì ru ìgbì omi sókè. Ìgbì tí kò tó mítà 6 ni wọ́n ti gbára dì fún ní ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Fukushima Daiichi. Èyí tí ó dé bá wọn ga tó mítà 14 sí 15. Omi bo àwọn ẹ̀rọ tí ó yẹ kí ó máa tu iná inú rẹ̀ lójú, ohun tí ó sì tẹ̀lé e ni gbogbo ayé gbọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni, àkọsílẹ̀ àwọn ará Japan fúnra wọn sọ nípa ìgbì ńlá kan tí ó bo agbègbè etíkun náà ní ọdún 869.

Ní etíkun kan náà, abúlé kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Aneyoshi. Lẹ́yìn tí ìgbì òkun ti jà wọ́n ní ọdún 1896 tí ó sì tún jà wọ́n ní 1933, wọ́n ri òkúta kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkè, wọ́n sì kọ ìkìlọ̀ sí i lára pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ́ ilé sísàlẹ̀ ibẹ̀. Àwọn ọmọ wọn pa á mọ́. Ní ọdún 2011, omi náà gòkè wá, ó sì dúró ní nǹkan bí mítà 100 sí òkúta náà. Kò sí ilé kan tí ó bá omi lọ nínú àwọn tí ó wà lókè rẹ̀. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àwọn baba wọn ti rí àkísà yẹn, wọ́n sì fi í lé ọmọ lọ́wọ́.

Ìṣirò àwọn tí ó ń mọ odi

Ẹni tí ó kó ìmọ̀ nípa àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó kọjá àlà jọ sínú ìwé kan ṣoṣo ni Emil Julius Gumbel, ọmọ Jámánì tí a bí ní ìlú Munich ní ọdún 1891. Nítorí pé ó ń tako àwọn ọmọ ẹ̀yìn Hitler, ó pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Heidelberg ní ọdún 1932, ó sì di ẹni tí ń gbé ìlú onílùú, ní ilẹ̀ Faransé kí ó tó lọ sí Amẹ́ríkà. Ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1958. Ọ̀nà rẹ̀ kò le lóye: má ṣe da gbogbo ọjọ́ pọ̀ wá ìpíndọ́gba, mú èyí tí ó tóbi jù lọ nínú ọdún kọ̀ọ̀kan, tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, kí o sì wò láti ara ètò wọn bí èyí tí ojú kò tíì rí ti lè tóbi tó.

Àwọn ará Netherlands fi irú ìmọ̀ yìí ṣe ìwà hù. Ní òru ọjọ́ 31 oṣù Kínní sí ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 1953, òkun fọ́ odi wọn, ènìyàn 1,836 sì kú. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn kò wí pé kí a mọ odi tí yóò ga ju omi ọdún náà lọ díẹ̀. Wọ́n ṣírò, wọ́n sì pinnu pé odi tí yóò dáàbò bo àárín gbùngbùn ilẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ lè dá omi tí ó ṣeé ṣe kí ó wá ní ẹ̀ẹ̀kan péré nínú 10,000 ọdún dúró.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, nítorí ó ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Bí wọ́n bá ní omi kan ń wá lẹ́ẹ̀kan ní 100 ọdún, kò túmọ̀ sí pé bí ó bá wá lọ́dún yìí, a lè sùn fún ọdún 99. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé lọ́dọọdún, ìpín 1 nínú 100 ni pé yóò wá. Ẹni tí ó bá kọ́ ilé sí ojú ọ̀nà irú omi bẹ́ẹ̀ tí ó sì gbé inú rẹ̀ fún ọdún 30, ìpín 26 nínú 100 ni pé yóò bá a pàdé. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ta ni yóò gbé ọmọ sùn sí ibi tí irú ewu bẹ́ẹ̀ wà bí ó bá mọ̀?

Nílé wa ńkọ́?

Àwa náà kò ṣàì mọ ìyalulẹ̀. Ní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ ìgbà ni iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí wáyà ńlá kan bá já, ẹrù tí ó ń gbé yóò bọ́ sórí àwọn tí ó kù; bí ẹrù bá wọ ìyẹn náà lọ́rùn, òun náà yóò já, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ti ara wọn títí òkùnkùn yóò fi bo gbogbo ilẹ̀. Kì í ṣe tiwa nìkan. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2003, wáyà tí ó fara kan igi ní ìpínlẹ̀ Ohio wà lára ohun tí ó gba iná lọ́wọ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 50 ènìyàn ní Amẹ́ríkà àti Canada.

Ní ti ilẹ̀ tí ń mì, àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde mọ̀ ọ́n lára ní oṣù Keje ọdún 1984, àwọn ará Kwoi ní ìpínlẹ̀ Kàdúná ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, àti àwọn ará Mpape ní Àbújá ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018. Kékeré ni gbogbo wọn. Nàìjíríà kò sí ní oríkèé ibi tí àwọn pẹpẹ ńlá ilẹ̀ ayé ti ń fi ara gbo ara, nítorí náà ńlá yóò ṣọ̀wọ́n gidigidi lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n Accra kò jìnnà, ìmìtìtì ilẹ̀ tí ó wó ilé ní ibẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 1939 sì tó nǹkan bí 6.5. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n yàtọ̀ sí ohun tí kò sí.

Èyí tí ó sún mọ́ wa jù ni òkè tí ń ya. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2017, lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ̀gbẹ́ òkè ya ní Regent ní ìlú Freetown, ní Sierra Leone. Àwọn tí ó kú àti àwọn tí a kò rí mọ́ ju 1,000 lọ. Wọ́n ti gé igi orí òkè náà, wọ́n sì ti kọ́ ilé sí i lára. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ẹ̀gbẹ́ òkè ní Jos, ní Enugu, tàbí ní Àbújá, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Ìmọ̀ yìí ní ibi tí ó mọ. Kò lè sọ ọjọ́, kò lè sọ wákàtí. Ẹni tí ó bá dé tí ó ń dárúkọ ọjọ́ tí ilẹ̀ yóò mì, kí a sá fún un. Ohun tí ìmọ̀ náà lè ṣe ni pé kí ó jẹ́ kí a mọ bí ewu ti pọ̀ tó, kí a sì gbára dì ju bí ojú wa ti rí lọ.

Àwa tí a ń gbé ìlú onílùú ni ọ̀rọ̀ yìí sì bá wí jù. Ẹni tí ó bá ti gbé Kano tàbí Makurdi tàbí Port Harcourt fún ọdún 20 a máa wí pé, “Láti ìgbà tí mo ti dé ibí, omi kò dé ibí rí.” Òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n ọdún 20 kéré lójú odò. Ilẹ̀ tí wọ́n ń tà fún àlejò ní owó pọ́ọ́kú lè jẹ́ ilẹ̀ tí onílẹ̀ kò jẹ́ kọ́ ilé tirẹ̀ sí. Kí a tó san owó ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí a lọ bá àgbàlagbà tí ó dàgbà jù ní àdúgbò náà, kí a kí i bí ó ti yẹ ní èdè tirẹ̀, kí a sì bi í ní ibi tí omi dé ní ìgbà èwe rẹ̀ àti ibi tí baba rẹ̀ sọ pé ó dé. Ibi tí ó bá na ọwọ́ sí, kí a má ṣe kọ́ ilé síbẹ̀. Kí a gòkè sí i díẹ̀.